Bọ̀dá Nùréènì, Ọmọ Jemimah

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ páálí bísíkíìtì ní Àgídìngbì ni Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Màmá Ìbídùn, ìyá ìyá rẹ̀, ní kó to orúkọ àti fọ́tò gbogbo àtọmọdọ́mọ òun sínú kàlẹ́ńdà ẹbí, èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rin, Ọpẹ́ ní kékeré ni.

Ó kọ ètò kan ní Bash, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ètò náà á mú òbí kan, á kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ti òbí náà, á sì tún pe ara rẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yẹn náà, títí ìdílé á fi tán. Ọpẹ́ wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́: ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, àti Jemimah, ọmọ ọdún méje tó bí. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó tẹ ogójì kàlẹ́ńdà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní pálọ̀ màmá ní Agége, Bọ̀dá Nùréènì, àbúrò ìyá Ọpẹ́, gbé awò ojú wọ̀, ó ka orúkọ tirẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà náà sókè: “Nùréènì, ọmọ Jemimah.”

Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún kà á.

“Jemimah wo?”

“Èmi ni, sà,” Jemimah dáhùn láti orí ẹní, pọ́fùpọ́fù lẹ́nu.

“Ọpẹ́, mo pọ̀n ẹ́ lẹ́yìn. Ṣé ọmọ tó o bí ló wá bí mi?”

“Ẹ má bínú, sà. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é.”

“Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ mí rí. Ìwọ lo mọ̀ mí.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú. Jemimah ti gba ipò ìyá Bọ̀dá ní tiẹ̀: “Ẹ lọ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.” Bọ̀dá ti dìde kó tó rántí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọpẹ́ ṣí láptọ́ọ̀pù, ó fi bírò tọ ètò náà lẹ́sẹẹsẹ sórí ìwé, ojú sì tì í. Ó ti rò pé orúkọ òbí tí ètò náà bá dì mú nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá pe ara rẹ̀, ti ìgbà yẹn nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

“Ó dà bíi pé síléètì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, sà,” ó ṣàlàyé. “Màmá kọ orúkọ wọn sí i, màámi nù ún, wọ́n kọ tiwọn, èmi náà nù ún, Jemimah ló kọ kẹ́yìn. Nígbà tí ètò náà padà dé ọ̀dọ̀ màmá láti mú yín, orúkọ Jemimah ló bá níbẹ̀.”

“Kí ló dé tó ò fún kálukú ní síléètì tiẹ̀?” Bọ̀dá béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ọpẹ́ kọ “local”, ìyẹn kí kálukú di tiẹ̀ mú, síwájú orúkọ òbí, gbogbo ẹbí sì padà sáyè wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bọ̀dá Nùréènì gba kàlẹ́ńdà tuntun, ó ka orúkọ mẹ́tàléláàádọ́rin náà tán. Ó wá béèrè ìdí tí fọ́tò àbúrò òun fi tóbi ju tòun lọ.