Ọ̀nà Tí Ẹ̀jẹ̀ Akọ̀pẹ Gbà

Òórùn ẹyìn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára akọ̀pẹ náà nígbà tí wọ́n gbé e dé láti Ìjù-Odò. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já, ó ṣubú lu kùkùté, inú rẹ̀ wú, ó sì le. Ìyàwó rẹ̀ tó lóyún jókòó síta pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di oyún inú rẹ̀ mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, nọ́ọ̀sì tuntun sì ni mí nílé ìwòsàn wa ní Òkìtìpupa. Mo rò pé kò sí ohun tó wà nínú ènìyàn tí n kò mọ̀, torí mo ti há àwòrán ara tó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa sórí. Ẹ ò rí ọ̀mọ̀ràn! Nígbà tí dókítà la inú ọkùnrin náà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló fàya lápá òsì. Dókítà fi ìka mú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀, ó fún un pinpin. Bí a bá ti fún ibẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Háà! Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ṣì ń tú.

"Ibo ló tún ń gbà wá?" ni dókítà ń bi ara rẹ̀. N kò lè gbójú kúrò; mo fẹ́ mọ̀. Kò fi ìkánjú gé nǹkan kan. Ó fi ìka wá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù tí oúnjẹ ń wọ̀, ó sì dúró. Iṣan kan ń lù kì-kì-kì níbi tí àwòrán wa kò ya nǹkan kan sí. Ara iṣan àpòlúkù ló ti yà, ó sì gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀. Dókítà fún un, ẹ̀jẹ̀ dá. Ó rán ẹ̀dọ̀ tán, ó rọra tú iṣan náà sílẹ̀. "Òun ló ń bọ́ apá yìí o, a ò gbọdọ̀ gé e."

Nígbà tí akọ̀pẹ lajú, dókítà ṣàlàyé iṣan náà fún un, ó ní kó máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ la inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ìkálẹ̀, ohun tó bá ṣàjèjì lára ọmọ, a gbọ́dọ̀ mọ ìdílé tó ni ín. Ìyá akọ̀pẹ náà já ọ̀rọ̀ gbà: "Dókítà, ìdílé bàbá ẹ̀ ni! Wọn kì í gba ọ̀nà tí ayé ń gbà." Ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ni dókítà fèsì.

Ọkùnrin ni ìyàwó náà bí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọmọ náà sì ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó máa ń gbé epo wá kí mi. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ tó dìde, ikùn rẹ̀ ni ojú mi ń lọ. Ó ń wù mí láti mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà. Láìla inú rẹ̀ n kò lè mọ̀, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ láé.