Páìpù Tí Kò Kan Ilẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rù omi ti ń bà mí. Omi ti ká wa mọ́lé rí ní Pearland, nítòsí Houston, ó bo bẹ́ẹ̀dì mi, èjìká ni bàbá mi gbé mi sí jáde.

Nígbà òtútù, bàbá mi a máa kúrò ní Houston lọ sí ìlú olókè kan láti lọ wọn yìnyín. Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n lè fi mí tì, ni wọ́n bá mú mi dání. Ẹ̀gbọ́n wọn kan, tí wọ́n jọ kàwé ní Nàìjíríà, ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Wọ́n á ki páìpù gígùn bọ inú yìnyín títí á fi kan ilẹ̀, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Bó bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ iye omi tó wà lórí òkè. Ohun tí wọ́n bá kọ ni àwọn tó ń ṣọ́ ìsédò, ìyẹn dáàmù, nísàlẹ̀ máa fi mọ àyè tí wọ́n máa fi sílẹ̀ de omi nígbà tí yìnyín bá yọ́. Bàbá mi ti sọ fún mi pé erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu páìpù. Bí kò bá sí, kò tíì kan ilẹ̀ nìyẹn, omi tí wọn ò tíì kà ṣì kù lábẹ́.

Ọ̀gá fa páìpù jáde, wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n ní kí bàbá mi kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo ẹnu páìpù. Ó mọ́ tónítóní. Mo wo bàbá mi, wọ́n ń kọ ọ́. Mo ń wo òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mi nínú omi ni mo ń rí. Ṣùgbọ́n èmi tí ojú ń tì láti kí àlejò, ṣé èmi ni màá sọ fún àgbàlagbà pé wọ́n ṣì í ṣe?

Mo kúnlẹ̀ nínú yìnyín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí erùpẹ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Ọ̀gá yẹ ẹnu páìpù wò, wọ́n tún un kì bọlẹ̀, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ṣẹ́ lábẹ́ bí egungun, mo rò pé òkè fẹ́ ya lù wá. Àṣé yìnyín tó dì gbagidi ló dá páìpù dúró tẹ́lẹ̀; ó wá wọlé sí i, ó tó ìdúró mi. Ó jáde tòun ti erùpẹ̀ dúdú.

Ọ̀gá ní kí n dìde, kí orúnkún mi má baà dì. Wọ́n wá yíjú sí bàbá mi.

"Ìwọ náà rí i, àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ìdáhùn yẹn bà mí lẹ́rù ju ohun tó ṣẹ́ lábẹ́ yìnyín lọ.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń jókòó sórí òkè tó ń wọn yìnyín. Mi ò kàwé débi tí màá fi mọ bó ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ti yàtọ̀. Ọmọ mi, tó ṣì wà ní daycare, a máa sọ lójú mi pé mo ti ṣìnà lórí freeway. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bá a wí. Ṣùgbọ́n màá rántí ìdáhùn bàbá mi, ẹ̀rù a bà mí, màá wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i.