Géètì Tó Ń Padé Fúnra Rẹ̀

Ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́fà, mo rò pé orí mi ni ọgbọ́n ayé parí sí. Iṣẹ́ nìkan ni mi ò tíì rí. Màá wá a lọ sí Ìbarà láàárọ̀, màá sì padà wá jẹ ẹ̀bà ìyá mi lọ́sàn-án.

Aláró ni ìyá mi, ní Kémta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Ó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, á sá a sóòrùn kó gbẹ, kó tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Àmọ́ àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fẹ́ràn ẹ̀kọ yìí ju àwa tá a sè é lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ló ń fi géètì sílẹ̀ gbayawu, kí ìyá mi sì tó yíjú, ewúrẹ́ á ti lá iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Lọ́sẹ̀ kan, ìyá kan, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣòwò ní Gold Coast, ń bọ̀ wá kó aṣọ mẹ́fà. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló máa máa rà títí. Ni ìyá mi bá ní kí n lọ bá káfíńtà, kí n yan géètì tí kò nílò ẹni tó máa pa á dé.

Bàbá káfíńtà ní òun á gbé e dagun díẹ̀, kó máa ṣí síta, ìwúwo ara rẹ̀ á sì máa dá a padà. Mo ní rárá, inú ni kó máa ṣí sí. Okùn ni ká so mọ́ ọn, kó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí a kàn mọ́ òpó, ká sì so òkúta mọ́ ìdí okùn. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé. Mo tún ní àwọn obìnrin tó ru omi ò lọ́wọ́ tí wọ́n á fi fa géètì, ìdí ni wọ́n á kàn fi tì í.

Bàbá káfíńtà wò mí. "Akọ̀wé, ohun téèyàn bá lè fi ìdí tì, ewúrẹ́ á fi orí tì í."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá ń ṣàlàyé òkúta àti okùn fún ẹni tó ti ń kan ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ tá a gbé e dúró, mo pe àwọn ará ilé wá wòran. Bàbá àgbà kan láti Aké ló kọ́kọ́ wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n jọ̀wọ́ géètì, géètì gbá mi létí. Ó yẹ kí n ti gbọ́ràn látìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi lọ ọjà, aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú oòrùn. Èmi wà nínú yàrá, mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta forí ti géètì, wọ́n wọlé, géètì sì padé lẹ́yìn wọn, bí mo ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo gbé igi jáde, wọn ò rọ́nà sá lọ. Orí aṣọ làwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń sáré ká nígbà tí ìyá mi, tòun ti ẹrù lórí, fi ìdí ti géètì wọlé.

Ìyá mi ò pariwo. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, wọ́n á lá a, wọ́n á sì lọ. Ìwọ wá tìlẹ̀kùn mọ́ wọn kí wọ́n lè jẹun yó."

Aṣọ mẹ́rin ló bàjẹ́. Ìyá mi gé okùn, wọ́n yí òkúta mi sí ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n ní kí n jókòó lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń tún ẹ̀kọ yà, tí wọ́n ń rẹ aṣọ. Ewúrẹ́ kankan ò wọlé.

Aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà nílẹ̀ nígbà tí oníbàárà dé. Mo ṣí géètì, mo dọ̀bálẹ̀, mo pa á dé. Ìyá mi ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá nawọ́ sí mi, ó sọ fún ìyá mi pé:

"Ẹ má pààrọ̀ géètì yìí o. Eléyìí tún ń kí èèyàn."