Sikóònù Ìyá Mi àti Kèrègbè Orí Pẹpẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo gbọ́dọ̀ gun àpótí kí n tó lè rí ohun tó wà lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Ẹdẹ, ìyá mi máa ń ṣe sikóònù ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ ẹ́ rí, ẹ fi í sáàrin búrẹ́dì àti bisikíìtì: ó nípọn, inú rẹ̀ rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ le díẹ̀. Ìyàwó òyìnbó míṣọ́n kan ló kọ́ ìyá mi nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Ṣùgbọ́n funfun ni ti òyìnbó náà. Ti ìyá mi ní àwọ̀ bíi ti èèpo ẹ̀pà, nítorí pé àlìkámà hóró ni wọ́n ń lò. Wọn á ṣà á, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a, èmi á sì rù ú lọ sí ilé ẹ̀rọ. Bó bá ti ẹ̀rọ dé, wọn kì í jọ̀ ọ́. Tèèpo-tèèpo ni wọ́n ń pò ó.

Àwọn ọmọ àdúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó. "Ẹ wo àwọn tó ń jẹ oúnjẹ adìyẹ!"

Ìyá mi á dáhùn láti ojú fèrèsé: "Adìyẹ mọ oúnjẹ jù yín lọ!" Kí oòrùn tó mú, àwọn ọmọ yẹn kan náà ni yóò tò sẹ́nu ọ̀nà wa.

A ò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá kan ni ìyá mi ń bu iyanrìn sí nísàlẹ̀. Wọn á gbé páànù lé iyanrìn náà, wọn á dé ìkòkò, wọn á wá kó ẹyín iná sórí ọmọrí. Èyí kò ṣòro fún mi láti rántí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ohun tó ń mú sikóònù náà wú. Ìyá mi á bu kán-ún lílọ̀ díẹ̀ sínú ìyẹ̀fun, wọn á fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ ọn, wọn á wá nawọ́ gbé kèrègbè kan lórí pẹpẹ. Ohun funfun kan ni wọ́n ń dà láti inú rẹ̀. Ó kan, bó bá sì ti fara kan kán-ún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kí ni ohun funfun náà? Ẹ má bínú sí mi, mi ò mọ̀ títí di òní.

Obìnrin tó ń ta àlìkámà fún wa, ilé wọn kọjú sí tiwa. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà náà, nínú agboolé Mùsùlùmí kan tó ti pẹ́ ní ìlú. Ìyàwó Òdìkejì ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n, ìyá mi sì fẹ́ràn wọn bí àbúrò. Sikóònù tó bá kọ́kọ́ jáde, tiwọn ni. Èmi ni mo ń gbé e sọdá títì. Wọn á bù ú lójú ẹsẹ̀, ooru á máa jáde nínú rẹ̀, wọn á ní: "Bá mi sọ fún Màmá Tíṣà kí wọ́n má fi adùn pa mí o! Ọkọ mi ò tíì gbádùn mi tó."

Ní Sátidé kan, wọn ò gbà á. Wọ́n da aṣọ bo abọ́ náà padà.

"Gbé e lọ fún màmá yín. Ní mo kí wọn. Ní mo ti yó."

Mi ò rí i kí Ìyàwó Òdìkejì yó rí. Mo dúró láàrin títì, mi ò mọ̀ bóyá kí n padà sọ́dọ̀ wọn tàbí kí n máa lọ sílé.

Ìyá mi bi mí pé: "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti yó."

Ìyá mi jókòó.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa, ló sọ ọ́ létí kànga pé ẹmu ló ń mú sikóònù ìyá mi wú. Ẹmu kẹ̀! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti mọra ni ìyá mi ti ń fún ọ̀rẹ́ wọn ní ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n lọ ṣàlàyé. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní: "Ó mọ ilé mi. Bó bá fẹ́ bi mí, kó wá bi mí." Ó wá di pé ìlú Awo ni a ti ń lọ ra àlìkámà. Láàárọ̀, àwọn méjèèjì á máa gbálẹ̀ ojúlé wọn, títì nìkan ló wà láàrin wọn, kálukú á tẹjú mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo mú ọ̀rọ̀ kèrègbè náà bí iṣẹ́, mo ń wá ẹlẹ́rìí kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Òṣogbo, ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹmu ni. Èmi ni mo máa ń gbé e bọ̀ láti Alajue."

"Fún ta ni?"

"Fún bàbá wa."

"Ẹ rí i kí wọ́n dà á sínú ìyẹ̀fun?"

"Kí ni mo fẹ́ wá dé ilé ìdáná?"

Mo lọ bá ìyàwó àbúrò bàbá mi. Wọ́n ti dàgbà gan-an. Wọ́n fi ọwọ́ lé àyà. "Èmi? Mi ò sọ pé ẹmu ni. Mo ní kèrègbè ẹmu ni. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ kì í gbọ́ nǹkan dé ìdí!"

Mo rán wọn létí pé àwọn obìnrin Fúlàní máa ń kiri wàrà kíkan kọjá lójúlé wa. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ inú igbá ni wàrà ń wà, kì í wà nínú kèrègbè. Wọ́n wá fi kún un: "Ṣùgbọ́n màmá yín kì í ju nǹkan nù. Bí ẹmu bá tán nínú kèrègbè, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sọ ọ́ di tiwọn." Orí mi dàrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú ara mi rí. Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún ìjà náà ni, ọyẹ́ sì mú. Ìyàwó Òdìkejì sọdá títì fúnra wọn, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa.

"Màmá Tíṣà, ẹ ṣe é lójú mi."

Ìyá mi dìde. Wọ́n bu ìyẹ̀fun, wọ́n bu kán-ún, wọ́n ra bọ́tà. Nígbà tó kan kèrègbè, wọ́n gbé e lórí pẹpẹ, wọ́n sì gbé e lé Ìyàwó Òdìkejì lọ́wọ́. Ìyàwó Òdìkejì gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ń wo ojú wọn láti orí àpótí mi. Lójijì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dà á sínú ìyẹ̀fun, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó jẹ́. Ìyàwó Òdìkejì gbé sikóònù náà lọ sílé láti fi ṣínu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpò àlìkámà ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ohun tí mo gbà gbọ́ láti ìgbà náà ni pé imú wọn ló yanjú ẹjọ́ náà, pé wàrà ni wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣe sikóònù àlìkámà nínú ààrò gáàsì, mo fi páúdà inú páálí tó ń mú ìyẹ̀fun wú, èyí tí ọmọ mi rà, sí i, mo sì gbé e lọ fún Ìyàwó Òdìkejì. Arúgbó ni wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú. Mo ní: "Màmá, ọjọ́ tí ẹ gbóòórùn kèrègbè yẹn, wàrà ni, àbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ló mú mi lọ́jọ́ náà. Imú mi dí pátápátá. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dà á?"

"Màmá yín gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọn ò gbé e pamọ́, wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò búra. Ṣé ẹni tó fẹ́ tàn mí ló máa gbé e lé mi lọ́wọ́?"

"Bó bá wá jẹ́ ẹmu ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi mọ ẹni tó gbé e fún mi." Wọ́n bu sikóònù tèmi jẹ. "Èyí le o. Ta ló ń lé ẹ nígbà tí ò ń pò ó?"

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun gbogbo tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn páálí báyìí. Ọmọ mi ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fún ọmọ rẹ̀ jẹ, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Ìyàwó Òdìkejì ò bi mí léèrè ohun tí mo fi sínú tèmi. Wọ́n kàn ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń ráhùn pé ó le.

Nígbà tí mo jáde, mo dúró lójúlé wọn, mo ń wo ilé wa ní òdìkejì. Àwọn ayálégbé ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí, wọ́n ti gbé géètì gíga síwájú ilé. Mi ò mọ orúkọ wọn, wọn ò mọ tèmi. Sikóònù méjì ṣì kù nínú abọ́ mi. Mo wo géètì náà títí, mi ò mọ̀ bóyá kí n kàn án tàbí kí n máa lọ sílé.