Ìwé Onígìtá Tó Wà Lára Ògiri

Lébìrà ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ní èbúté Apapa. Ó tún ń ta gìtá. Àwọn atukọ̀ òkun máa ń fún un ní ìwé onígìtá tí wọ́n bá ti kà tán. Òyìnbó inú ẹ̀ ò yé mi, ṣùgbọ́n ìwé yẹn yé mi: wọ́n á fa ìlà mẹ́fà, wọ́n á fi àmì dúdú sí ibi tí ìka máa wà. Nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ló wà lára gìtá, ọkọ mi á gé ojú ìwé náà, á fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa ní Boundary. Mo ní aáyán á dé. Aáyán sì dé.

Láìpẹ́ yìí, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ń wá ipò onígìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ní Amukoko. Olórí akọrin ní kó wá ta orin kan lọ́jọ́ Sunday. Tó bá ṣì í ta, ẹlòmíì ló máa gbapò. Ó sáré ra ìwé onígìtá tuntun. Mo ṣí i. Gìtá tó ń dán bí ojú ìyàwó ló kún inú ẹ̀, àti ọkùnrin onígíláàsì dúdú tó kàn gbá gìtá mọ́ra, tí ọwọ́ ẹ̀ ò kan okùn. Bébà yẹn gan-an ń yọ̀, kò ṣeé pọ́n àkàrà.

"Orin dà?"

"Màmá, ó wà lórí fóònù. Tí mo bá fi fóònù ya àmì onígun mẹ́rin inú ìwé yìí, fídíò á jáde."

Ó ń yí lójú fóònù, ó yí, ó yí. Nígbà tó jáde, onígíláàsì náà ni, ó ń polówó gìtá.

"Olùkọ́ là ń wá, ìwọ lọ pe oníkiri wálé."

"Ayé ti yí padà, Màmá."

"Ìka ńkọ́? Tìẹ ti di méje?"

A sún kọ́bọ́ọ̀dù tó bo ìwé bàbá ẹ̀ lára ògiri. Aáyán ti jẹ etí bébà, àmọ́ àmì ìka orin náà ṣì pé. Ọmọ mi kọjú sí ògiri, ó ń ta á lójoojúmọ́ títí orí fi fọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n pè é. Ó gbé gìtá, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó kọjú sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó ta orin náà láìṣì í rárá.

"Sísítà," olórí akọrin ní, "ṣé ògiri lò ń ta gìtá fún ni?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un nípò náà, wọ́n ní kó ṣáà máa kọjú sí ìjọ.

Ìwé tuntun yẹn? Mo ti ká a róbótó. Òun ni mo fi ń pa aáyán ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má baà jẹ ìwé gidi tán.