Ọmọ Ewúrẹ́ Tó Ń Ta Sánsán

Ọmú méjì ni Ọlọ́run fi sí abẹ́ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kó má bí ju méjì lọ. Ewúrẹ́ dúdú tí Mọ́nsúrátù ń sìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní àdúgbò Dar-es-Salam, nílùú Bouaké ní Ivory Coast, bí mẹ́ta. Ẹran tirẹ̀ kì í jẹ ìjẹkújẹ: èèpo iṣu ìlú Djébonoua tó ti gbẹ, eèrí àgbàdo, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá ní ẹran yìí ń jẹ ju ènìyàn lọ, á ní, "Abiyamọ ló ń jẹun yẹn. Ta lẹ̀yin ń fún lọ́mú?"

Lọ́fíńdà ló ń tà lọ́jà, ohun tó sì kó bá a nìyẹn. Èyí tó kéré jù nínú ọmọ mẹ́ta náà bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àánú ṣe é, ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó sì fi lọ́fíńdà pa á láti orí dé ìrù. Ìyá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án dànù. Òórùn ni ewúrẹ́ fi ń mọ ọmọ rẹ̀, èyí sì ń ta sánsán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Yísà, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Mọ́nsúrátù, gbọ́. Ó dé tòun tọ̀bẹ.

"Ìyàwó, jẹ́ kí n dúńbú rẹ̀ kó tó di òkúǹbete. Ọmú méjì ò lè tọ́ ọmọ mẹ́ta."

Inú bí Mọ́nsúrátù gan-an. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni Yísà sọ nígbà tó di opó: pé kó fi Samira, ọmọ rẹ̀ kẹta, ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé apá obìnrin kan ò ká mẹ́ta. Kò fi í ránṣẹ́. Samira ti wọ lìsé, ilé ẹ̀kọ́ girama, báyìí.

"Bàbá Misbaudeen," ó dá Yísà lóhùn, "ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni n ó tún un ṣe. Ẹ mú ọ̀bẹ yín lọ sílé."

"Tí ìyá rẹ̀ ò bá gbà á títí di Jímọ̀, mò ń padà bọ̀ o."

"Ẹ máa bọ̀."

Ó fi eérú nu ọmọ náà títí lọ́fíńdà fi kúrò. Ó fún wàrà lára ìyá, ó fi pa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí, lẹ́yìn, pàápàá ní ìdí, nítorí ibẹ̀ ni ewúrẹ́ máa ń gbóòórùn sí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á so ìyá mọ́ òpó, á di ìwo rẹ̀ mú, á sì ti ọmú bọ ọmọ lẹ́nu. Ewúrẹ́ ta á nípàá títí ojúgun rẹ̀ fi wú. Kò pàtẹ lọ́jà. Àwọn oníbàárà ní Anago náà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ti ya wèrè. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ẹran náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó tún di ìwo mú.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Yísà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mọ́nsúrátù ò bá a jà. Ó kàn tú okùn ìyá ewúrẹ́ sílẹ̀, ó sì káwọ́ gbera. Yísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ọmọ náà lọ́rùn mú. Ọmọ ké. Ìyá yíjú padà, ó kan Yísà lórúnkún, bàbá náà sì jókòó gbì sórí èèpo iṣu. Ewúrẹ́ gbóòórùn ìdí ọmọ náà, ó dúró jẹ́ẹ́, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Misbaudeen," ni Mọ́nsúrátù wí. "Ìyá ọmọ lẹ ò kọ́kọ́ bi léèrè."