Ìyẹ̀fun Ìrẹsì Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Màmá Tíṣà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó yọ, wọ́n á fi ìka méjì bu ìyẹ̀fun ìrẹsì díẹ̀, wọ́n á máa tọ́ ọ sílẹ̀: àmì kan, àmì kan, títí ẹnu ọ̀nà wọn á fi rí bí ara ẹtù. Lẹ́yìn náà ni ìlà funfun á wá máa yí àwọn àmì náà po láìjá. Èmi á jókòó tì wọ́n, màá máa gbóòórùn òróró gbígbóná láti kíṣìnnì ìyàwó ọmọ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Ará Íńdíà ni wọ́n. Ọmọ wọn ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde, nílé ìwé tí bàbá mi náà ti ń ṣe tíṣà, ilé wa sì fara kan ara wọn. Màmá Tíṣà là ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń wọ̀, nítorí ohun tí opó ń wọ̀ nílùú wọn nìyẹn. Ní tiwa, dúdú ni. Làwọn kan bá ní ikú ọkọ wọn dùn mọ́ wọn nínú. Àwọn mìíràn ní ẹlẹ́mìí omi ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Èmi bi wọ́n. "Màmá, wọ́n ní màlúù ni Ọlọ́run yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó fún mi ní wàrà láti kékeré. Ìwọ, ṣé o máa pa ìyá ẹ jẹ?"

"Ìyẹ̀fun yìí ńkọ́?"

"Oúnjẹ eèrà ni. Ó tún ń kí àlejò káàbọ̀." Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Nílé wa, wọn ò jẹ́ kí èmi opó yà á. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò mú oríire wá mọ́. Níbí, ta ló mọ̀?"

Wọ́n bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ya tèmi sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó wọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èèyi mú àbúrò mi. Ó sú jáde títí dé ìpéǹpéjú. Ìyá Ìjọ, aṣáájú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá gbàdúrà, ó sì rí ìyẹ̀fun náà.

"Ta ló gbé ẹbọ síbí? Ìwọ ọmọ yìí, ta ni?"

Mo wo pàṣán lára ògiri. Mo ní, "Màmá Tíṣà ni."

Ìyá Ìjọ da omi iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó fi ìgbálẹ̀ gbá tiwọn nù, ó wá nawọ́ sí tiwa. "Àjẹ́ aláṣọ funfun! Ṣé ìwọ lo ya èyí sílé ọlọ́mọ?"

Màmá Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n wá wò mí. Ta ni kò ní dá ìlà mi tó wọ́ mọ̀?

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

Wọn kò yà á mọ́. Àbúrò mi yá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún wọn. Kí táàmù tó parí, ọmọ wọn ti fi wọ́n ránṣẹ́ padà sílùú wọn, níbi tí opó kì í ti yà á. Nígbà tí Ìyá Ìjọ kú, gbogbo ìjọ kọrin. Èmi panu dé.

Stockbridge lókè òkun ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ará Íńdíà ló wà nílé tó kọjú sí tiwa. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, àmì àti ìlà funfun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọmọ mi fà mí lápá.

"Mummy, ẹ má wò ó o. Ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ẹ wọ mọ́tò jàre, a ti late."

"Oúnjẹ eèrà ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

Master's méjì ló ní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, títí kan irọ́ tí mo pa. Ó páàkì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà yẹn, Mummy. Ọlọ́run ti dárí jì yín." Ó yọ òróró àdúrà nínú báàgì, ó fi ìka kan tọ́ ọ sí mi níwájú orí: àmì kan.

Títí dòní, bí mo bá ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ìka méjì yìí á pa pọ̀ fúnra wọn, wọ́n á fẹ́ máa tọ́ ọ sílẹ̀. Ọlọ́run lè ti dárí jì mí. Òun kọ́ ni mo parọ́ mọ́.